Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Sùlè Tó Ní Táyà Mẹ́rin

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo bi Bàbá Sùlè onígbàjámọ̀ ní ìbéèrè kan tó ti ń dà mí láàmú. Wọ́n ń gẹ irun mi fún iléèwé lọ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, ṣé kì í dùn yín pé ẹ̀yin lẹ ń sọ ibì kan di ìlú, tí wọ́n á sì wá lé yín kúrò níbẹ̀?"

Wọ́n ní kí n má mi orí, kílípà ń bẹ lọ́wọ́ àwọn.

Gbogbo wa la mọ ìtàn ọjọ́ tí wọ́n lé wọn ní Igbó Ẹfọ̀n. Akínọ̀ṣọ́ bíríkìlà wà lórí àga, Bàbá sì ti gẹ apá kan orí rẹ̀, nígbà tí katapílà dé láti wó àwọn ṣọ́ọ̀bù etí títì. Bàbá kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni wọ́n yọ òkúta lẹ́nu táyà mẹ́rin tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n so ṣọ́ọ̀bù onípákó náà mọ́ ìdí ọkọ̀ akóyanrìn, ó di Ajah, tòun ti Akínọ̀ṣọ́ nínú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Bàbá wo ẹ̀yìn. Ìgbà tí wọ́n dé ọ̀hún ni wọ́n rántí pé jẹnẹrétọ̀ tó ń fún kílípà ní iná ti ṣẹ́kù sẹ́yìn. Akínọ̀ṣọ́ ní kí wọ́n kúkú fi abẹ parí ẹ̀. Bàbá ní orí tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀, abẹ kì í parí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni Akínọ̀ṣọ́ fi dé fìlà mọ búlọ́ọ̀kù.

Orí bẹ́ǹṣì ni ọ̀rọ̀ táyà yẹn ti wá. Lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà ti máa ń dúró de irun ni Akínọ̀ṣọ́ ti gbọ́ pé wọ́n ń wá bíríkìlà. Ibẹ̀ ni Tájù ajórin ti pàdé onílé tó gbé iṣẹ́ géètì fún un. Ibẹ̀ náà ni Tájù ti dábàá pé òun lè jó irin àti táyà ọkọ̀ àlòkù mọ́ abẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ní owó iṣẹ́ rẹ̀ ni irun ọ̀fẹ́ títí ayé. Tájù gbà kíá, kò rántí pé orí òun ti ń pá.

Bàbá máa ń sọ pé orí èèyàn làwọn fi ń mọ ibi tí ìlú ń lọ. Bí sìmẹ́ńtì bá pọ̀ nínú irun oníbàárà, ìlú ń dàgbà níbẹ̀. Bí irun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán, àwọn olówó ti dé nìyẹn, kí àwọn tètè fẹ́ atẹ́gùn sí táyà.

Nígbà tí wọ́n tún ti lé Bàbá ní Ajah, tí wọ́n ti kó dé Awoyaya, Ọ̀gbẹ́ni Babájídé tó ń bá onílé wá ayálégbé tọ̀ wọ́n wá láti Igbó Ẹfọ̀n. Ilé ìtajà alájà mẹ́rin tí wọ́n kọ́ sójú ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà tẹ́lẹ̀ ti dá páropáro. Owó ilé ti wọ́n jù, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti lọ, aláǹgbá nìkan ló ń gun àtẹ̀gùn. Ó ní bí Bàbá bá lè padà, èrò á tún máa wá. Bàbá nu kílípà dáadáa kí wọ́n tó dáhùn.

"Ọ̀gá, èmi ní táyà. Ẹ fi táyà sábẹ́ tiyín náà, kẹ́ ẹ máa wọ́ ọ bọ̀."

Babájídé rẹ́rìn-ín títí, ó sì jókòó kí wọ́n gẹ irun rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo ti fẹ́ jáde iléèwé girama, mo lọ kí Bàbá lórí àìsàn. Làtífátù ọmọ wọn ló ń gẹ irun nínú ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ Bàbá ti ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àwọn. Tájù àti Akínọ̀ṣọ́ jókòó sórí rẹ̀, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí irun ọ̀fẹ́ Tájù tọ́ sí báyìí tí orí rẹ̀ ti dán. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Bàbá yíjú sí mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìbéèrè rẹ ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ń dùn mí. Ó ń dùn mí gan-an ni." Wọ́n nawọ́ sí àwọn méjì tó ń jiyàn. "Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ìlú ló jókòó yìí."