Àwọn Tó Kù Nídìí Afárá

Obìnrin kan wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ọ̀gágun Orí Tábìlì. Kò yìnbọn rí láyé rẹ̀. Eré ogun orí tábìlì ló ń ṣe jáde: àwòrán ilẹ̀, igi kéékèèké tó dúró fún ọmọ ogun, àti òfin tí àwọn tó ń ta á bí ẹni ta ayò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Àwọn kan ń rà á láti fi najú nílé. Àwọn iléeṣẹ́ ń fi kọ́ òṣìṣẹ́ wọn bí èèyàn ṣe ń ronú nígbà tí nǹkan bá dàrú. Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ránṣẹ́ sí i pé kó ṣe ọ̀kan fún àwọn náà.

Bàbá ọkọ rẹ̀ ti jagun rí, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Obìnrin yìí bẹ̀ ẹ́ títí tó fi sọ bí wọ́n ṣe sá kọjá lórí afárá kan, tí wọ́n fi àwọn mélòó kan sílẹ̀ láti dá ọ̀tá dúró. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ wà nínú wọn. Bó ṣe débẹ̀, ó dìde, ó wọlé lọ.

Obìnrin náà gbé afárá ọ̀hún sínú eré tó ń ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó ṣòfin pé ẹni tó bá tètè fi àwọn díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ni yóò borí. Òfin náà dùn mọ́ ọn débi pé kò rántí béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ìtàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ta á nílé ẹ̀kọ́, ó mú bàbá dání, ó rò pé orí bàbá á wú. Ọ̀dọ́mọkùnrin ológun kan ti igi pupa mẹ́ta sẹ́nu afárá, ó ní, "Ẹ bá wa kí ará ọ̀run o!" Ẹ̀rín sọ, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Bàbá na ọwọ́, ó kó igi mẹ́ta náà, ó dì wọ́n mú.

"Ìyàwó mi, ṣé ohun tí mo sọ fún ẹ náà nìyí?"

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ì bá kó wọ inú rẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá."

"Mi ò bínú. Òfin ẹ tọ̀nà. Bá a ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Ká ní ó nà án ni, ì bá sàn.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kóun yí òfin náà padà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ibẹ̀ gan-an ló dáa jù!" Wọ́n ti gba eré náà wọ inú ẹ̀kọ́ wọn, àṣẹ rẹ̀ sì ti kúrò lọ́wọ́ obìnrin náà. Kò kúkú sẹ́ni tó rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Bàbá ṣì ń pè é ní ìyàwó mi, ó ṣì ń bá a ṣàwàdà, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ ogun sí i létí mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà, obìnrin náà rọra béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ yẹn.

Bàbá wò ó. "Kí lo tún fẹ́ fi ṣe?"