Káàdì Pupa fún Ẹni tó Ń Sá fún Bọ́ọ̀lù

Bí ẹ bá dé ìyànà kan báyìí lẹ́yìn Sango, níbi tí àwọn tírélà ti máa ń tò gbọọrọ bí ìjàlọ, tí ẹ sì gbọ́ fèrè kan tó ń dún bíi pé inú ń bí i, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Toyibat Adérógbà ni. Obìnrin náà kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n bó bá na ọwọ́ òsì báyìí, tírélà tó gbé kọ́ńténà á dúró gbagidi.

"Báàkì! Báàkì! Ọwọ́ ọ̀tún ẹ! Mo ní ọwọ́ ọ̀tún, àbí bàbá ẹ ò fi ọwọ́ ọ̀tún hàn ẹ́ rí ni?"

Awakọ̀ tó ti ń bú ọlọ́pàá bọ̀ láti Àpápá, tó bá dé iwájú Toyibat, "ẹ jọ̀ọ́ mà" nìkan ló máa ń kù lẹ́nu rẹ̀.

Ìwó ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ ló gbé e dé Ọ̀tà, ọkọ ló mú un jókòó. Nígbà tí ọkọ lọ, iṣẹ́ kò lọ. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń ṣọ́ ẹnu géètì kọ́ńpìnnì kan tó ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ ike. Kò sẹ́ni tó lè ki ọmọrí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan bọ ṣòkòtò kó sì gba iwájú rẹ̀ kọjá. Kì í sì í gbàgbé ojú. Orúkọ ni kì í mọ̀. Bó o bá ń jẹ́ Ràṣídì, ó lè pè ọ́ ní Sùlé títí o ó fi fẹ̀yìn tì. Àmọ́ ojú rẹ, bó bá ti gba géètì yẹn wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọ orí Toyibat nìyẹn, kò ní jáde mọ́.

Kí ló wá gbé irú obìnrin báyìí dé ìdí bọ́ọ̀lù? Ẹ̀bi Àpọ́nlé ni.

Àpọ́nlé, ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ bíríìjì Sango, ló dá ìdíje sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Pápá wà: ilẹ̀ gbalasa kan lẹ́yìn ògiri kọ́ńpìnnì, tó dà gẹ̀rẹ́ débi pé ẹgbẹ́ tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ sí ìsàlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ góòlù kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà. Ọmọ wà, wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Rẹfirí ni kò sí. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹfirí ní àwọn kì í lọ síbi tí kò ti sí ọ̀nà àbáyọ. Ni Àpọ́nlé bá ń mú ẹnikẹ́ni tó bá rí. Ó mú télọ̀ kan; ọmọ iṣẹ́ télọ̀ jẹ góòlù, rẹfirí fò mọ́ ọn lọ́rùn. Ó mú oníbúrẹ́dì kan. Ìyẹn fọn fèrè ìsinmi kí òógùn tó yọ lára ẹnikẹ́ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kiri búrẹ́dì láàárín èrò. Ẹni kẹta, wọ́n lé e dé Ìyànà-Ìlogbò. Sálúbàtà rẹ̀ kan ṣì wà lórí pápá, òun ni wọ́n fi ń ṣàmì igun.

Ni Àpọ́nlé bá gba géètì lọ.

"Àǹtí mi, ẹ gbà wá o. Ẹ̀yin lẹ ní fèrè."

"Fèrè kọ́ńpìnnì ni."

"Ẹ̀yin lẹ ní ohùn."

"Ìyẹn, tèmi ni. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Bí ẹnìkan bá ta ẹnìkan nípàá, ẹ fọn ọ́n. Bí bọ́ọ̀lù bá jáde, ẹ fọn ọ́n."

"Bí wọ́n bá bú mi ńkọ́?"

Àpọ́nlé wò ó látòkè délẹ̀. "Àǹtí, ta ló fẹ́ kú?"

Bí Toyibat ṣe di rẹfirí nìyẹn, kò kàwé ẹ̀, kò bi ẹnìkan. Òfin géètì ló gbé wọ pápá. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, á to àwọn ọmọ sórí ìlà, á tú wọn lára wò. Rọ́bà tí wọ́n fi ń ta òkò ló kọ́kọ́ rí, ó tún rí pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tí gólí kan ti jẹ ìdajì rẹ̀ nínú ìbọ̀wọ́. Bí ọmọ méjì bá forí gbárí, kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ pákì síbẹ̀ yẹn! Ọkọ̀ méjì tó bá kọlu ara wọn, wọ́n á kọ́kọ́ pákì ná." Wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí wọ́n á fi bẹ ara wọn. Káàdì pupa rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń fi kọ́ àlejò kọ́ńpìnnì lọ́rùn ni, okùn ṣì wà lára ẹ̀.

Ti ọ̀fúsáìdì, Àpọ́nlé ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Toyibat ní òun ti gbọ́, òun ò kàn gbà ni. "Ẹni tó tètè dé, ẹ ní kó padà lọ dúró de ẹni tó pẹ́? Ní géètì wa, ẹni tó pẹ́ là ń tì mọ́ta." Bí ọ̀fúsáìdì ṣe kú ní Sango nìyẹn, wọn ò tiẹ̀ rí òkú ẹ̀ sin.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ìjà dópin! Gbogbo àṣìṣe yẹn, ẹnìkan ò ju òkò. Inú Toyibat a sì máa dùn ní Sátidé kọjá bó ṣe yẹ kínú àgbàlagbà máa dùn.

Ó wá ku àṣekágbá, àwọn ọmọ Ìtẹ̀lé àti ti Sango. Orí pápá tiwọn lọ́hùn-ún làwọn ọmọ Ìtẹ̀lé ti ń gbá tiwọn bọ̀, Toyibat ò tíì rí wọn rí. Ó ń tú wọn lára wò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ló bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ kan tó ga, tó gbé orí sílẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Toyibat fi ìka kan gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè.

Ha!

Ojú yìí. Ṣíìfù ọ̀sán. Ìdí ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike. Fìlà ló máa ń dé bojú, ó sì máa ń ní irun lókè ètè. Káàdì iṣẹ́ rẹ̀ ní ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Òun ló wá wọ ṣòkòtò péńpé láàárín àwọn ọmọdé yìí?

Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìwọ. Kí lorúkọ ẹ ná?"

"Adéfẹ́mi, mà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

Ọmọ náà ronú. "Níbo, mà?"

"Níbo kẹ̀? Ṣé ọjọ́ orí ẹ máa ń wọkọ̀ ni?"

"Ní géètì, méjìlélógún. Níbí, mẹ́rìnlá."

"Èwo ni irọ́ níbẹ̀?"

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ti géètì, mà."

Toyibat wo òkè ètè rẹ̀ dáadáa. Ó dán bí ike tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lójú ẹ̀rọ. "Irun ibí yìí ńkọ́?"

"Tìróò ni, mà."

Tìróò! Òun Toyibat, tí kò sẹ́ni tó lè gbé ọmọrí bọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá lójú rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ń fi tìróò lásán bò ó lójú lójoojúmọ́! Ó kù díẹ̀ kó gbá a létí, ó kù díẹ̀ kó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀kadà ló gbá ìyá mi," lọmọ náà ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹsẹ̀ wọn ò tíì ṣeé tẹ̀. Tí iléèwé bá wọlé, mo máa padà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí wọ́n bá gbọ́ níbi iṣẹ́, ó parí."

"Kúrò níwájú mi. Lọ gbá bọ́ọ̀lù."

Ó lọ, ṣùgbọ́n kò gbá a. Ẹ̀rù rẹfirí ti wọ̀ ọ́ lára. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá wà ni rẹfirí ń sáré lọ, ibi tí rẹfirí bá sì ń lọ ni Adéfẹ́mi ń sá kúrò. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí i, ó fò ó dá bí ẹni fo gọ́tà. Gbogbo Ìtẹ̀lé figbe ta. "Àbí ẹlẹ́gún-ún ni bọ́ọ̀lù yẹn ni?"

Lẹ́yìn ìsinmi ni ikùn kan yọ láti ìhà ògiri, àga ike tẹ̀ lé e, ẹni tó ni wọ́n sì bọ́ sẹ́yìn. Ọ̀gá Akíntáyọ̀ ni, súpáfáísà kọ́ńpìnnì, olólùfẹ́ Sango. Ìyẹn kì í mọ ojú òṣìṣẹ́, iye wọn ló máa ń kà bí ẹni ka bọ́kẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, Adéfẹ́mi rí i, ó sì di ẹni tó ń sá fún èèyàn méjì àti bọ́ọ̀lù kan. Ẹ wo irú eré burúkú tí ọmọ náà ń sá!

Bọ́ọ̀lù kan wá jábọ́ láti òkè báyìí, pẹ̀ẹ́, sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Toyibat jìnnà. Ọ̀gá ń ṣí kóòkì ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ náà gbàgbé pé orí ń bẹ̀rù. Ó yí po, ó yà fún ọ̀kan, ó fi ìkejì sílẹ̀ lórí ìdí, ó sì rán bọ́ọ̀lù náà sáàárín òpó oparun méjèèjì débi pé gólí kò rí nǹkankan, afẹ́fẹ́ ló kí i. Góòòòlù!

Ìdùnnú ò tíì rọlẹ̀ tí Ọ̀ṣìnúbí, mẹkáníìkì tó ń kọ́ àwọn ọmọ Sango ní bọ́ọ̀lù, fi já wọ pápá. "Jìbìtì! Àgbàlagbà nìyẹn! Mo ti rí i nínú yunifọ́ọ̀mù kọ́ńpìnnì bọ́kẹ́ẹ̀tì! Òṣìṣẹ́ ni!"

Ọ̀gá Akíntáyọ̀ gbọ́ "kọ́ńpìnnì bọ́kẹ́ẹ̀tì," ó dìde. "Kọ́ńpìnnì wa kẹ̀? Èwo nínú wọn?" Ó rìn wọ àárín pápá. "Màdámú, ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo ẹni tó ń gba géètì. Ṣé èèyàn wa nìyí?"

Gbogbo ojú yí sí Toyibat. Àwọn ọmọ ìdí ògiri tó pákì náà dìde.

Bí Toyibat bá ní bẹ́ẹ̀ ni, káàdì iṣẹ́ ti sọ pé ọdún méjìlélógún ni, wọ́n á sì ya aṣọ mọ́ ọmọ náà lára gẹ́gẹ́ bí oníjìbìtì. Bó bá ní rárá o, èèyàn wa kọ́, Ọ̀ṣìnúbí ti rí yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn rẹ̀. Bó bá ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, súpáfáísà rèé níwájú rẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, ìyá tó na ẹsẹ̀ sórí ẹní nílé á máa wojú ọmọ. Adéfẹ́mi ń wò ó.

Toyibat fọn fèrè! Ó fọn ọ́n débi pé ajá kan dìde lójú oorun. Ó fa káàdì àlejò yọ lápò, okùn ẹ̀ ń fì, ó sì nà án sójú Adéfẹ́mi.

"Jáde!"

Àpọ́nlé sáré dé, ó kúnlẹ̀. "Àǹtí! Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀?"

"Ó ń sá fún bọ́ọ̀lù."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ góòlù nísinsìnyí!"

"Ṣáájú ìyẹn ńkọ́? Àbí ẹ ò rí i? Ẹni tó wá gbá bọ́ọ̀lù, tó ń sá fún bọ́ọ̀lù! Góòlù wà níbẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án. Òun ni kó máa lọ ilé. Eré ni kó sá lọ, kó má dúró bá ẹnìkan sọ̀rọ̀!"

Ọmọ yìí ò dúró kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti fo gọ́tà.

Ọ̀gá Akíntáyọ̀ fa ojú ro. "Màdámú, ìbéèrè ni mo bi yín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí Toyibat ti ń ṣí géètì fún mọ́tò ọkùnrin yìí, tó ń bẹ̀rẹ̀ kí i, tí ìyẹn kì í tiẹ̀ yí gíláàsì sílẹ̀. Ó wo bàtà ọ̀gá. Bàtà náà wà lórí pápá.

"Ọ̀gá, ta ló fún yín ní páàsì wọ ibí?"

"Kí lẹ wí?"

"Báàkì." Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti gbéra. "Báàkì, sà. Ẹ máa bọ̀. Ọwọ́ òsì yín díẹ̀. Ẹ tọ́ ọ."

Ọmọ kan gbè é, gbogbo èrò gbè é: "Báàkì! Báàkì! Ọwọ́ òsì!" Ẹ gbà mí, ọkùnrin náà mà ń fẹ̀yìn rìn! Kò mọ̀gbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ́ràn. Wọ́n fi ẹnu wà á títí ìdí rẹ̀ fi gúnlẹ̀ sórí àga. "Ó tó!" ni Toyibat wí, ó sì fọn fèrè pé kí eré tẹ̀ síwájú.

Sango jẹ méjì lẹ́yìn ìyẹn, Ìtẹ̀lé ò sì rí ẹni dá a padà. Bí Toyibat ṣe ń lọ sílé, Ìtẹ̀lé ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀ pé rẹfirí ò mọ òfin. Àwọn Sango tó gba ife náà ń gbè é, nítorí òótọ́ ni. Wọ́n ní irú káàdì yẹn ò sí níbikíbi láyé. Kò dùn mọ́ ọn. Gbogbo ẹjọ́ tó fi àìmọ̀ dá, pàtẹ́wọ́ ni wọ́n fi gbà á, kan ṣoṣo tó fi ojú tó là sílẹ̀ dá ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnu ń yún un kó yíjú sẹ́yìn sọ ohun tó mọ̀. Ó ra gúgúrú, ó fi dí ẹnu náà.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá Akíntáyọ̀ dé géètì. Gíláàsì mọ́tò sọ̀ kalẹ̀!

"Màdámú, ẹ ò mọ bọ́ọ̀lù rárá. Ó ń sá fún bọ́ọ̀lù!" Ikùn rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. "Mo sọ fún ìyàwó mi, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á."

"Òótọ́ ni, sà. Mi ò kọ́ ọ."

Ó ń rẹ́rìn-ín wọlé lọ. Ìbéèrè tó bi í ti sọnù sínú ẹ̀rín náà.

Ọ̀sán pọ́n, àwọn ti ṣíìfù ọ̀sán dé. Adéfẹ́mi wà lẹ́yìn pátápátá, fìlà lójú, tìróò lókè ètè, ó tilẹ̀ lé e nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Toyibat tú u lára wò bíi ti gbogbo èèyàn.

"O ò lọ sídìí ẹ̀rọ gbígbóná yẹn mọ́. Mo ti bá ìyá tó ń ṣa ọmọrí sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wàá jókòó. Lọ́jọ́ tí iléèwé bá wọlé tí mo tún rí ẹ níbí, èmi fúnra mi ni màá pariwo ẹ."

"Ẹ ṣé, mà." Kò lọ. Ó ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀. "Màmá, káàdì pupa yẹn, eré mélòó ni kò ní jẹ́ kí n gbá?"

Toyibat wò ó. Kò mọ̀. Àpọ́nlé ò sọ fún un rí.

"Mélòó ni wọ́n máa ń ṣe?"

Ojú ọmọ náà tàn lábẹ́ fìlà. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, mà. Ti ẹni tó bá sì jẹ góòlù, wọn kì í kà á."

"Irọ́ ni."

"Irọ́ ni, mà."

"Wọlé, jàre," ni Toyibat wí, ó sì ti géètì.