Owó Oṣù Tí Jibril Ọlábíyìí Kò Gbà Rí

Jibril Ọlábíyìí ti kú o. Ọjọ́ Àlàmísì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló dákẹ́ sí ilé ìwòsàn nílùú Sókótó yìí. Ìpá ló pa á, àìsàn tí dókítà ń fi abẹ ṣe tí aláìsàn á sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Ọkùnrin tó fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ṣí omi ẹ̀rọ fún gbogbo àdúgbò wa, Gawon Nama, omi tí wọ́n fi wẹ òkú rẹ̀, ọwọ́ mẹ́rúwà ni wọ́n ti rà á. Ẹ̀rọ ilé rẹ̀ gbẹ táútáú. Ó jọ pé Àjọ Omi Àjùmọ̀lò, àjọ tí olóògbé ń bá ṣiṣẹ́, kò mọ̀ pé òkú òṣìṣẹ́ òun ni wọ́n ń wẹ̀.

Kò tíì ju ọjọ́ kejì lọ tí ẹbí fi dé láti Ìlọrin. Wọ́n sunkún, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n jẹun, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè àjà. Bàbá Kúnmi, ẹ̀gbọ́n olóògbé, pe Nana, opó ilé, ó ní:

“Ìyàwó, owó àbúrò mi dà?”

“Owó wo, ẹ̀gbọ́n?”

“Owó tí rédíò kà. Gbogbo wa la gbọ́ ọ ní Ìlọrin. Bí ẹ bá sin ín sílẹ̀, ẹ wú u jáde. Bó bá sì wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn yín, ẹ pè wọ́n wá.”

Nana búra, ó tún búra. Wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun, àwọn á jókòó lé e lórí. Bí kò bá gbé owó kalẹ̀, olè ni. Kí n tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ olè, ẹ jẹ́ kí n sọ bí owó náà ṣe dé orí rédíò, torí òun ló pa Jibril, òun náà ló sì fẹ́ ba orúkọ ìyàwó rẹ̀ jẹ́ báyìí.

Òfin kan ló jáde, pé ilé iṣẹ́ yòówù tó bá ń jẹ owó ìjọba gbọ́dọ̀ bọ́ síta kó sọ iye tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí owó oṣù wọn ga ń gbà, kí ará ìlú lè gbọ́. Inú wa dùn. Èmi oníròyìn gan-an kọ̀wé nípa rẹ̀, mo ní ọjọ́ ti pé wàyí. Àwọn ọ̀gá Àjọ Omi Àjùmọ̀lò gbọ́ òfin, wọ́n wọnú yàrá amúlétutù, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n máa jáde, wọ́n ti dá ọgbọ́n. Wọ́n kó owó Ọ̀gá Àgbà, wọ́n kó ti àwọn igbákejì rẹ̀, wọ́n kó ti àwọn olùdámọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìmọ̀ràn tí wọ́n ń dá, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ti onípáìpù, ti awakọ̀, ti agbálẹ̀. Wọ́n wá pín in dọ́gba. Agbẹnusọ wọn bọ́ sórí rédíò, ó fi èdè Hausa tó dùn bí oyin sọ pé ní ìpíndọ́gba, òṣìṣẹ́ àjọ àwọn ń gba ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà lóṣù. Ó ní àwọn ò ní nǹkan kan láti fi pamọ́. Ẹ gbọ́ ẹnu yẹn.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ ìpíndọ́gba, kó bá mi lọ sí Kasuwar Kara níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran. Èmi àti ìwọ dá owó ra àgbò. Mo gbé gbogbo àgbò lọ sílé, mo ju egungun ọrùn kan sí ọ. Ní ìpíndọ́gba, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ló jẹ ìdajì àgbò. Bí ebi bá wá ń pa ọ́ lálẹ́, a jẹ́ pé wọ̀bìà ni ẹ́.

Jibril, ẹni tí egungun ọrùn kàn, owó oṣù tirẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí rédíò kà.

Sókótó ni wọ́n bí i sí. Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá, àmọ́ Hausa ẹnu Jibril máa ń jẹ́ kí àwọn onílẹ̀ gan-an sinmi ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ràn ìrèké ju oúnjẹ lọ. Bẹ́ ẹ bá rí i lórí kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀, tó ń jẹ ìrèké, tó ń bá gbogbo ẹni tó bá pàdé jà nítorí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá lánàá, ẹ ó rò pé kò ní wàhálà kankan láyé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣí omi fún àdúgbò kan lónìí, kó ṣí i fún òmíràn lọ́la. Kò sì sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ kó pe ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kó tó ṣí i, á fi owó ìpè tara rẹ̀ pe àwọn ìyálé ilé. Ó máa ń pe èmi náà. “Àǹtí Oníròyìn, ẹ gbé garawa síta, omi ń bọ̀. Ẹ má gbàgbé sídìí ìwé yín o, torí mi ò ní pè yín lẹ́ẹ̀kejì.” Irọ́ ni, á pè mí lẹ́ẹ̀kejì. Á pe Ìyá Adéníkẹ́ tí etí rẹ̀ ti wúwo títí ìyẹn á fi gbé e. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Kò sí ìdí tí mo fi máa fi í pamọ́.

Ọjọ́ tí rédíò ka owó, ayé Jibril yí padà, àpò rẹ̀ nìkan ni kò yí. Àwọn tó ń pè é ní Jibril tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń kí i ní “Ranka ya daɗe,” kí ẹ̀mí yín gùn. Wọ́n sọ ọ́ di Àlàjí, ọkùnrin tí kò wọ bàálù rí. Tanko tó ni ilé tó ń gbé fi owó kún owó ilé, ó ní òun ò fẹ́ kí èèyàn ńlá máa gbé ilé owó pọ́ọ́kú. Àwọn kan lójúde wa ń ṣe wólímọ̀ fún àwọn ọmọ tó parí kéwú, wọ́n fi Jibril ṣe Bàbá Ìsàlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù ló gbé e dé ibẹ̀. Wọ́n ń nawọ́ sí i pé ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀, ẹ wo olówó tó fi ọkọ̀ bọ̀gìnnì sílẹ̀ nílé! Nígbà tó wá na ìwọ̀nba tí ọwọ́ rẹ̀ ká, ìrẹ̀lẹ̀ kúrò lẹ́nu wọn, ó di ahun. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kejì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àǹtí, mo ti di olówó tán, owó nìkan ló kù.”

Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Màlámù Àbùbákàr, tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ sàká ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, kó àwọn àgbà méjì sẹ́yìn, ó wá kí i. Olóòótọ́ èèyàn ni màlámù yìí o, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kóbọ̀ sàká lọ sí àpò rẹ̀ rí. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n wá fi ọ̀wọ̀ sọ fún Jibril pé ẹni tí Ọlọ́run bá bùkún fún tó báyìí, sàká ti di dandan fún un. Jibril gbé bébà owó oṣù rẹ̀ jáde. Màlámù wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ti rí olówó púpọ̀ láyé, bébà méjì ni gbogbo wọn máa ń ní. Ó ní ṣé ilé iṣẹ́ ìjọba á wá jókòó sórí rédíò, á máa parọ́ mọ́ ara rẹ̀ ni?

Jibril wá gba àjọ lọ. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ ìlà méjì péré fún òun, kí wọ́n fi sọ iye tí òun ń gbà, kóun lè fi han àwọn èèyàn. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ fún un? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ owó oṣù, àṣírí iṣẹ́ ni. Wọ́n ti kà á sétí gbogbo Sókótó, ó dé Ìlọrin, bóyá àwọn ará Mẹ́kà náà ti gbọ́, àmọ́ ẹni tó ni owó náà gan-an ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín!

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpá tó ti ń bá a fínra wá le. Ibi páìpù irin tó máa ń gbé níbi iṣẹ́ ló ti kó o, gbogbo wa la mọ̀. Ìfun lọ́ mọ́ ọn nínú, ó ń pariwo bí ọmọdé. Ilé ìwòsàn ní kí wọ́n san owó iṣẹ́ abẹ wá. Nana fi káàdì ìtọ́jú hàn wọ́n, wọ́n ní káàdì ò ṣiṣẹ́, àjọ ń yọ owó rẹ̀ lára Jibril lóṣooṣù, kò fi ránṣẹ́ síbi tó yẹ. Nana sáré lọ bá Màlámù Àbùbákàr pé kí ìgbìmọ̀ sàká gba ọkọ òun. Màlámù káàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mi orí. “Ìyá, sàká ẹ̀tọ́ aláìní ni. Bí mo bá gbé e fún ẹni tó ń gba irú owó yẹn, haráàmù ni, Ọlọ́run á bi mí.” Àwọn obìnrin tí Jibril máa ń pè sórí fóònù ló tú ìdí aṣọ, tí wọ́n ń dá owó jọ. Ìyá Adéníkẹ́ ta ewúrẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi aṣọ bo Jibril lójú.

Àjọ kò kúkú ṣaláì wá. Níbi àdúà ọjọ́ kẹta, agbẹnusọ wọn fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ amúlétutù, àwọn èèyàn rẹ̀ ń já omi inú ike sílẹ̀, páálí lórí páálí. Àjọ omi gbé omi inú ike wá kí ẹbí onípáìpù wọn! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ní akọni ni olóògbé, pé àjọ ò fi nǹkan kan dù ú. Màlámù Àbùbákàr dìde. Ó ní, “Ọ̀gá, ṣé òótọ́ ni olóògbé ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin?” Ọ̀gá ní, “Ìpíndọ́gba ni.” Màlámù ní, “Èló wá ló wọ ọwọ́ rẹ̀?” Ọ̀gá ní àṣírí iṣẹ́ ni. Màlámù ní, “Ẹ̀yin ńkọ́, èló ni tiyín?” Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun ní ìpàdé. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ni màlámù jókòó sílẹ̀, tí omijé ń bọ́ sí irùngbọ̀n rẹ̀. “Wallahi, wọ́n mú mi fi ẹ̀tọ́ aláìní du aláìní.”

Ẹ̀yin ọ̀gá Àjọ Omi Àjùmọ̀lò, mo ní ìbéèrè díẹ̀. Bí owó yín bá mọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ fi wá ẹni tẹ́ ẹ máa gbé e rù? Àbí ojú ń tì yín? Bí ojú bá ń tì yín láti gba owó náà, ṣé kì í tì yín láti ná an? Òfin ní kẹ́ ẹ ṣí aṣọ lára yín, ẹ sì lọ ṣí ti agbálẹ̀. Màlámù ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá a ń lọ sípàdé. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Mi ò béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ yín, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ fi orúkọ Jibril sọ òpópónà kankan. Bàbá Kúnmi àti àwọn èèyàn rẹ̀ á jókòó lé Nana lórí lọ́jọ́ Jímọ̀, obìnrin tí kò rí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin lójúkojú rí láyé rẹ̀. Kò sí ìbúra tàbí bébà owó oṣù tó lè gbà á. Ẹnu tó kó o sí i nìkan ló lè yọ ọ́. Nítorí náà, agbẹnusọ, ẹ padà sórí rédíò yẹn, lákòókò yẹn náà, pẹ̀lú Hausa olóyin yẹn náà. Ẹ ka iye tí Jibril Ọlábíyìí ń gbà, bó ṣe kéré tó. Ẹ ka owó káàdì tẹ́ ẹ yọ lára rẹ̀ tẹ́ ẹ ò san. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ka ti Ọ̀gá Àgbà, kẹ́ ẹ ka ti àwọn igbákejì, kẹ́ ẹ ka tiyín, pẹ̀lú orúkọ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá gbé owó yín kúrò lórí òkú olókùú kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé.