Sikáánà Tí A Kò Lè Fọwọ́ Kàn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ sikáánà kan ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí ìjọba ti bọ́dà pa, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé mo fẹ́ràn rédíò bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn súìtì. Ṣọ́ọ̀bù fọtokópì ni mo ní ní Ayétòrò, àmọ́ bí ẹ bá bi àwọn oníbàárà mi, wọn á ní rédíò ni mo ń tà. Mẹ́rin ni wá tí àìsàn yìí ń ṣe. Bàbá Gàní ni àgbà wa, télọ̀ ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n Ráṣídì ń wa bọ́ọ̀sì láti Ayétòrò sí Ìlaròó. Múfú ló kéré jù, ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní kọ̀ǹpútà. Ní ọ̀sán Sátidé, abẹ́ igi fúrúùtù iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Gàní la máa ń jókòó sí, tí a ó máa wá ohùn kiri.

Kí ló ń jẹ́ sikáánà? Rédíò kékeré kan ni, tó ń rìn fúnra rẹ̀ láti orí ìkànnì kan dé òmíràn. Bó bá ti gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, á dúró síbẹ̀. Àwọn awakọ̀ òfuurufú tó ń gba òkè orí wa kọjá lọ sí Èkó la fẹ́ máa gbọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. A sì ti fẹnu kò pé a ò ní fi gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí ti ọlọ́pàá, torí ta ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà?

A dáwó jọ. Àdéhùn wa ni pé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni sikáánà náà yóò máa lò nílé ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi kárí wa, tí yóò tún padà bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, òdìkejì bọ́dà la ti ń ra rédíò, lọ́hùn-ún ní Kétu. Bàbá Gàní ló máa ń bá wa yàn án. Wọ́n á gbé rédíò náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á di ojú, wọ́n á máa yí bọ́tìnnì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wọn aṣọ. Wọ́n ní àwọ̀ lè tan àwọn jẹ, àmọ́ ọwọ́ àwọn mọ iṣẹ́. Gbogbo wa la kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn.

Bọ́dà wá di títì. Ṣé ẹ rántí ìgbà yẹn? Gbogbo nǹkan ló di ẹ̀bi bọ́dà. Búrẹ́dì kéré sí i, bọ́dà ni. Ẹ̀gbọ́n Ráṣídì pẹ́ dé, bọ́dà ni. Ọmọ mi Tómi gba òdo nínú ìṣirò, ó wo ojú mi kòrókòró, ó ní, "Màmá, bọ́dà ni." Nítorí náà, nígbà tí Bàbá Gàní faṣọ bo máṣíìnì wọn, tí wọ́n ní ańkárá kì í wọlé láti Kútọnu mọ́, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìbéèrè kejì. Ọjà ta ló ń yá nígbà yẹn?

Múfú bá ẹnì kan tó ń ta sikáánà l'Ékòó sọ̀rọ̀, onítọ̀hún sì fi fọ́tò àti fídíò méjì ránṣẹ́ sórí wáásáàpù. Díjítà ni méjèèjì, tuntun sì ni wọ́n. Ojú èkíní gbòòrò bíi ti fóònù, ìka ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ lójú, ó ń gba ohùn sílẹ̀, ó tún ń fi máàpù hàn. Èkejì kò rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ kéré, àmọ́ ó ní bọ́tìnnì gbàǹgbà kan lórí tí wọ́n ń yí, tó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, bó ṣe ń bọ́ sórí ìkànnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá wo àríyànjiyàn! Ẹ ó rò pé ìyàwó kejì la fẹ́ fẹ́ fún Múfú. Ó ní olójú gbòòrò ni ayé ń lọ sí. Ẹ̀gbọ́n Ráṣídì bi í pé níbo ni iná tí yóò máa fi yó wà. Bàbá Gàní ní tiwọn kò yéé bèèrè nípa bọ́tìnnì yẹn. Ṣé ó fẹ̀? Ṣé ó ń dúró gbọn-in bí wọ́n bá yí i? Múfú ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Bàbá, ayé ti kúrò níbẹ̀ o."

Mo na fóònù mi sí Bàbá pé kí wọ́n fojú ara wọn wo fọ́tò náà. Wọ́n gbà á, wọ́n sún un mọ́ ojú, wọ́n mi orí. Wọ́n ní àwọn rí i, sikáánà náà dára, dúdú rẹ̀ ń dán. Mo yọjú wo ojú fóònù. Ìka wọn ti sún fọ́tò sikáánà kọjá. Tómi ló wà níbẹ̀, nínú aṣọ funfun tó wọ̀ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀.

Bàbá Gàní fúnra wọn ló rán aṣọ yẹn.

Mo rọra gba fóònù mi. Mo yí ohùn padà. Èmi tí mo ti ń yin olójú gbòòrò tẹ́lẹ̀, mo wá ń gbèjà oníbọ́tìnnì bí ẹni tí wọ́n fún ní rìbá. Mo ní ekuru ọyẹ́ á ba ojú gbòòrò jẹ́. Mo ní bátìrì rẹ̀ ò ní tọ́jọ́. Múfú ń wò mí, ó ní, "Ìyá Tómi, kí ló ṣe yín?"

Nígbà tó di pé ká dìbò, Ẹ̀gbọ́n Ráṣídì tẹ̀ lé Múfú, torí wọ́n fẹ́ kó máa gba ohùn sílẹ̀ dè wọ́n nígbà tí wọ́n bá wà lójú ọ̀nà. Ó wá kan Bàbá. Wọ́n ní ká ra èyí tí àwọn ọmọdé fẹ́. "Bó bá kàn mí, ẹ fò mí ná. Bọ́dà ò jẹ́ kí n ráyè."

Ẹni tó ti faṣọ bo máṣíìnì, kí ló gba àyè rẹ̀? Ó dùn mí wọra. Bàbá fẹ́ yọ ara wọn kúrò láàárín wa láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì kọjá sí ilé wọn. Mo ní, "Bàbá, fọ́tò tí ẹ rí lánàá, Tómi ni." Wọ́n bi mí pé aṣọ wo ló wọ̀. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Èyí tí mo fi lẹ́ẹ̀sì sí lọ́rùn?" Mo ní òun ni. Wọ́n ní aṣọ tí àwọn rán kẹ́yìn nìyẹn kí àwọn tó di ẹni tí kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Èmi ni mo sunkún, àwọn kọ́.

Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò fẹ́ kí a torí àánú ra nǹkan tí kò wù wá. Mo ṣèlérí pé kò ní jáde lẹ́nu mi, àmọ́ mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ Sátidé.

Nígbà tí Sátidé pé, mo ní kí á yẹ ọjà wa wò bí a ti ń ṣe é ní Kétu, ká di ojú. Mo ní kí Múfú fi fóònù rẹ̀, tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lójú bíi ti olójú gbòòrò yẹn, pè mí. Ó dijú, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ìyá ìyàwó rẹ̀ ló gbé e. Ẹ wo bó ṣe ń dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù, tó ń ní kò sí nǹkan, òun kàn ní kí òun kí wọn ni! Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Ẹ̀gbọ́n Ráṣídì ní tiwọn dijú, wọ́n gbé rédíò àtijọ́ Bàbá, wọ́n yí bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti bọ́ sórí ìkànnì tí wọ́n fẹ́.

"Ẹ má tíì lajú," ni Bàbá wí. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu wọn. "Bí mo ṣe ń rí gbogbo yín nìyẹn."

Bàbá wá fẹnu ara wọn ṣàlàyé pé bọ́dà kọ́ ló ti ṣọ́ọ̀bù àwọn. Múfú olóríkunkun kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó kọ̀wé sí ará Èkó pé oníbọ́tìnnì la ń rà. Ẹ̀gbọ́n Ráṣídì ló sì fi bọ́ọ̀sì gbé Bàbá lọ rí dókítà ojú. Dókítà ní èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́, àmọ́ oògùn tí wọ́n ń kán sójú lè di ìyókù mú.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Gàní ni sikáánà náà kọ́kọ́ sùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n fi fóònù oníbọ́tìnnì wọn pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kí n jáde síta, kí n wo òkè. Mo jáde. Ọkọ̀ òfuurufú kan ń kọjá, ó funfun, ó kéré.

"Ṣé o rí i?"

Mo ní mo rí i, Bàbá.

"Èmi ń gbọ́ awakọ̀ rẹ̀. Sọ bó ṣe rí fún mi." Mo sọ ọ́ fún wọn títí ó fi wọ inú ìkùukùu.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: bí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá ní bọ́dà ni, tàbí ọjà ni, tàbí iṣẹ́ ni, ẹ tún un bi lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bo nǹkan mọ́ yín lójú rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má kánjú, ẹ sọ ọ́ dáadáa. Bàbá Gàní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èmi ni n ó máa kà á fún wọn.