Ìwé Ìdájọ́ Tí A Gbé Lọ sí Bárékè

Nígbà ìjọba ológun, tísà kan àti ìyàwó rẹ̀, ará Èkìtì, ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa ní Ìgando. Tísà yìí ló kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi wọ yunifásítì. Nígbà tí àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, sójà wá gbé e lọ́sàn-án gangan. Wọn ò sọ ohun tó ṣe.

Ọdún kẹta ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ òfin, a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo ti ń fọṣọ.

"Lọ́yà wa, ìwé tí ò ń kà yìí, ṣé ó sọ pé kí wọ́n fi ọkọ mi sílẹ̀?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀, mà."

Inú mi dùn pé mo rí nǹkan sọ.

Lọ́yà kan bá wa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù lọ́fẹ̀ẹ́. Adájọ́ ní òfin ológun ti gba ẹjọ́ náà lọ́wọ́ òun. Olùkọ́ mi ní yunifásítì sọ pé bí kóòtù ilé bá ti lé wa, a lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lókè òkun. Èmi ni mo kọ ọ́, lọ́yà buwọ́ lù ú.

Ó lé lọ́dún méjì kí èsì tó dé: wọ́n fìyà jẹ ọkùnrin náà láìtọ́, kí ìjọba tú u sílẹ̀. Mo tú ìwé náà sí Yorùbá fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní kí n tún un kà. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, a jọ mú ìwé náà lọ sí bárékè tí wọ́n ti ọkọ rẹ̀ mọ́.

Sójà ẹnu géètì rọra kà á tán, ó ká a padà dáadáa.

"Mà, bí àwọn ọ̀gá ò bá ṣe é, ta ló máa wá mú wọn?"

Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó tísà yíjú sí mi pé kí n dáhùn. Mo gba ìwé náà padà lọ́wọ́ sójà.

Kí ọdún tó parí, wọ́n ní kó wá gbé òkú ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní ibà ló pa á.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ṣe ìdánwò àṣekágbà. Wọ́n ní ká ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń mú ìdájọ́ irú ìgbìmọ̀ yẹn ṣẹ. Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo sì gba máàkì tó ga. Títí tí obìnrin náà fi kó ẹrù rẹ̀ padà sí Èkìtì, mi ò lè sọ fún un nípa ìdánwò náà.