Ẹ̀fọ́rí Tí Mo Ní Kí Ọmọ Má Sọ

Iṣẹ́ mi ni pé kí ènìyàn má fara pa. Ilé-iṣẹ́ kan ní Jebel Ali, nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ló gbà mí sí ipò sáfẹ́tì. Èmi ni mò ń rìn káàkiri láàárín àwọn òṣìṣẹ́, tí mò ń wo ẹni tí kò dé akoto, ẹni tí kò so bẹ́líìtì mọ́dìí lókè, tí mo sì ń pariwo lé wọn lórí. Ariwo náà ti mọ́ mi lára. Ìyàwó mi máa ń sọ pé tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, kí n bọ́ ohùn mi sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà. Kò parọ́ mọ́ mi. Inú mi tètè máa ń bí, n kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já mi nírọ́. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tì mí lójú débi pé ó gbà mí ju ọdún kan lọ kí n tó lè fẹnu bà á.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àwa méjì péré tí ìyá wa bí, ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo. Oníṣòwò ni. Á wá láti Èkó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, á ra bàtà àti aṣọ ọmọdé ní Deira, á kó wọn fún àwọn oníkágò ní Al Muraqqabat, á sì máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Discovery Gardens títí ẹrù rẹ̀ á fi lọ. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹjọ ló fà á lé mi lọ́wọ́ níwájú ẹbí, ó ní èmi ni bàbá rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo bá a wá ilé-ìwé sí Amẹ́ríkà, níbi tí èmi náà ti kàwé, èmi yìí náà ni mo sì fi bọ́ọ̀lù wọn hàn án. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá ni, tí wọ́n ń dé akoto, tí wọ́n sì ń kọ lu ara wọn bí àgbò. Ọmọ náà ga, ó sì lẹ́sẹ̀. Kí á tó ṣẹ́jú, yunifásítì rẹ̀ ti fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù yẹn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wá wọ ìpele tí wọ́n ń pè ní playoff, níbi tí ẹni tó bá pàdánù ti ń di ẹrù rẹ̀ lọ sílé, orí mi wú jù. Mo fi fọ́tò rẹ̀ sójú fóònù. Mo sọ fún ọ̀gá mi, mo sọ fún obìnrin tó ń tún ọ́fíìsì wa ṣe. Ará Kerala tó ń ta tíì karak fún mi nísàlẹ̀ ilé mọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Tí ẹ bá rí mi nígbà náà, ẹ ó rò pé èmi gan-an ni wọ́n fẹ́ wá wò.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí wọ́n gbá a tí ọmọ náà fi pè mí. Ọ̀sán ni níbí, mo wà nínú mọ́tò, mò ń jẹun. Òru ni lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ó ní òun ò rí oorun sùn. Ó ní wọ́n kọ lu òun níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, pé láti ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀fọ́rí kò ti jẹ́ kí òun gbádùn, tí òun bá sì ṣí kọ̀ǹpútà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gún òun lójú. Ó wá bi mí pé ṣé kí òun sọ fún dókítà ẹgbẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tún yẹ kó pè? Èmi onísáfẹ́tì. Mo mọ ohun tó ń ṣe é kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo máa ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa ní ohun yìí gan-an: ẹni tí nǹkan bá gbá lórí, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń dà á láàmú, kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ará Nepal kan forí gbá irin, ó fi pamọ́ torí kó má bàa pàdánù owó ọjọ́ rẹ̀. Mo rí i tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Mo bú u níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní ẹni tó bá fi ọgbẹ́ orí pamọ́, ara rẹ̀ ló ń pa. Mo ní khalas, ó tán, kó máa lọ sí kílíníìkì.

Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ni mo sọ fún pé, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí o bá sọ, wọ́n á ní kí o jókòó, ẹlòmíràn á gba ipò rẹ. Lo Panadọ́ọ̀lù, kí o sùn dáadáa. Tí ẹ bá ti gbá playoff tán, à á sọ ọ́. Má sì jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́, o mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ru."

Ó ní, "Ó dáa, sà. Ẹ ṣé, sà."

Mo padà sídìí oúnjẹ mi. Mo jẹ ẹ́ tán. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó wà lọ́jà, mo rí orí tó wọ́, mo sì ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọjà á fi tú.

Ó ku díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́ níbí ni eré náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti wà lọ́dọ̀ wa láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àsùbáà tán, kò tilẹ̀ dìde lórí ẹní, ibẹ̀ ló ti ń wo tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì wakọ̀ wá láti Jumeirah Village Circle, ó gbé búrẹ́dì àti ẹyin dání. Ìyàwó mi kò sí nílé. Nọ́ọ̀sì ni, Sharjah ló ti ń ṣiṣẹ́ òru, a ò sì retí rẹ̀ títí mọ́tò á fi dín lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ nǹkan kan nínú eré náà. Ohun tó ń bi wá kò ju pé èwo ni tiwa nínú wọn. Tí a bá ti nàka sí ọmọ rẹ̀, á gbé ọwọ́ sókè, á ṣàdúà, á fi ọwọ́ pa ojú.

Ó kù díẹ̀ kí eré parí, ẹgbẹ́ wa ló wà níwájú. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí ọmọ wa, ó fò, ó mú un. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kanlẹ̀ báyìí ni ọmọ kan láti ẹgbẹ́ kejì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọ lù ú. Ọmọ wa ṣubú sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì le gan sínú afẹ́fẹ́, wọn ò wálẹ̀. Rẹfirí ju aṣọ yẹ́lò sílẹ̀, àmì pé ẹnì kan ti ṣẹ̀ sófin.

Mo fò sókè. Mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi pé òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní targeting: o kò gbọdọ̀ fi téńté akoto rẹ gbá ẹlòmíràn lórí tàbí lọ́rùn. Ẹni tó bá dán an wò, wọ́n á lé e jáde nínú eré. Mo ní aṣọ yẹ́lò yẹn ni ẹ̀rí, wọ́n máa lé e ni, ọmọ àlè. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọmọ mi ń kọ́?" Mo ní kó ní sùúrù, pé àwọn rẹfirí ń tún fọ́rán rẹ̀ wò. Ọmọ tó kọ lù ú ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹkún ló ń sun. Mo ní ojú ayé ló ń ṣe.

Wọ́n tún un fi hàn, wọ́n tún un fi hàn, díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè. Nígbà kẹrin ni mo rí i kedere. Èjìká ló fi gbá a, àyà ló sì gbá. Akoto kò kan akoto. Eré bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹni tí wọ́n bá gbá á dìde, á gbọn ara rẹ̀, á máa lọ. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá ni yóò dìde. Ó ti lé ní ọjọ́ mẹ́wàá tí ara tiwa kò dá, nínú gbogbo wa tí a wà ní pálọ̀ yẹn, èmi nìkan ni mo mọ̀.

Rẹfirí jáde, ó ní kì í ṣe targeting. Kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù lọ. Wọ́n ń gbé ọmọ wa jáde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀rẹ́ mi ní tí kì í bá ṣe ọmọ Áfíríkà ni, wọn ò ní fi ojú fò ó. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n gan-an ń bá ara wọn jiyàn. Èmi wá ń kọ́? Mo pariwo ju gbogbo wọn lọ. Mo bú rẹfirí, mo bú ìyá tó bí i, mo ní afọ́jú ni, mo ní wọ́n ti fún un lówó. Ará ilé òkè kan ilẹ̀ mọ́ wa lórí. Bí ohun tí mo mọ̀ ṣe ń gun mi lọ́fun ni mò ń fi ariwo tì í sísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fa aṣọ mi pé kí n jókòó, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run á bá ọ ṣe é. Ìwọ nìkan ló ń jà fún ọmọ yìí."

Mo jókòó. Mo jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀.

Oòrùn ti yọ dáadáa kí fóònù tó dún. Ìyàwó mi ti dé nígbà náà, a ti ròyìn fún un, kò tilẹ̀ ráyè bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló pè láti ilé ìwòsàn, ẹnì kan ló di fóònù mú fún un. A rí ojú rẹ̀, ó wú díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ìyá rẹ̀ má bàa sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sáàárín wa kí gbogbo wa lè gbọ́. Ọmọ náà ní wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú àwòrán orí òun, àti pé àwọn dókítà ń rò ó bóyá kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ tàbí kí wọ́n ṣì máa wò ó.

Ìyàwó mi bá a sọ̀rọ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó bi í bóyá nǹkan ti gbá a lórí ṣáájú èyí. Ó ní kó rántí dáadáa, pé ìdáhùn yẹn ṣe pàtàkì fún àwọn dókítà. Ọmọ náà ní wọ́n ti bi òun, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyàwó mi ní kí ló wá sọ fún wọn.

Ọmọ náà ní, "Ṣé Ọ́ńkù wà níbẹ̀?"

Ìyá rẹ̀ ní mo wà níbẹ̀.

Ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè sọ fún wọn báyìí?"

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ yé. Ó yí ojú sí mi, mi ò lè wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ń bèèrè pé sọ kí ni, sọ kí ni, ó ń wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ogún ọdún dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ wà nínú orí rẹ̀, dókítà bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì purọ́ fún wọn torí pé àgbà ní kó má sọ. Mo ní, "Sọ fún wọn. Sọ gbogbo ẹ̀." Ó kọjú sí ẹni tó di fóònù mú, ó sọ ọ́ lédè Òyìnbó, láti orí ìdánrawò títí dé orí Panadọ́ọ̀lù. Òyìnbó tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ pọ̀ tó láti lóye rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pa fóònù, ẹ̀gbọ́n mi kò bú mi. Mo ń retí rẹ̀, ì bá sàn fún mi. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́wàá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "A sì jọ ń jẹun." Ó dìde, ó ká ẹní ìrun rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Wọn ò ṣiṣẹ́ abẹ. Ohun tó sọ fún wọn yẹn wúlò fún wọn, ìyàwó mi ló là á yé mi, kò sì fi dídùn kún un. Ọmọ náà yè. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ilé-ìwé dín ẹ̀kọ́ tó ń kà kù fún un, torí tó bá ti kàwé ju wákàtí kan lọ, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó ṣì ń pè mí. Ó ṣì ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́, sà. Níbi iṣẹ́, mo bẹ ọ̀gá mi pé kó wá ẹlòmíràn tí yóò máa kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ọgbẹ́ orí. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ará Nepal yẹn ló bi mí bí ara ọmọ mi ṣe rí, ó tọkàn wá, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sá fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ eré náà, ìyá wa pè láti Abẹ́òkúta. Wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ wọn ṣubú. Mo na ọwọ́ sí fóònù kí n jẹ́wọ́, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti gbé e. Ó ní, "Rẹfirí ni, Màámi. Ó rí i pé ọmọ fara pa, ó ní kí wọ́n máa gbá a lọ." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Nígbà tó parí ọ̀rọ̀, mo bi í pé kí ló dé tó sọ bẹ́ẹ̀. Kò wojú mi. Ó ní, "Màámi ti dàgbà. Àwa méjì péré ni wọ́n bí."

Láti ìgbà náà, gbogbo Jímọ̀ ni ìyá wa ń pè. Wọ́n á ṣàdúrà fún iṣẹ́ mi, wọ́n á ṣàdúrà fún ìyàwó mi, wọ́n á wá dé orí ọmọ náà. Wọ́n á ní ẹni tó mọ̀ pé ọmọ àwọn ti fara pa, tó sì ní kó máa gbá bọ́ọ̀lù lọ, kí Ọlọ́run má gbàgbé rẹ̀ láyé, kó má sì gbàgbé rẹ̀ lọ́run. Wọ́n á dúró, wọ́n á máa retí wa. Ìyàwó mi á wo ilẹ̀.

Èmi á ní, "Àmín, Màámi."