Ẹ̀yìn Fọ́tò Tí A Kò Yà

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó tì í, àárẹ̀ ni ó máa ń mú mi. Àwọn ọmọ mi mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde títí mo fi fẹ̀yìn tì. Wọn ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò sì sọ.

Ẹ̀kọ́ nípa ojú ilẹ̀ ni mo kà ní yunifásítì, láyé ìgbà tí adìyẹ ṣì ń wà lórí ìrẹsì wa ní gbogbo Sọ́ńdè. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni kíka fọ́tò tí wọ́n yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú. A óò gbé méjì tó jọra sábẹ́ awò onídígí méjì, a óò máa sún wọn díẹ̀díẹ̀, lójijì igi á dìde, òkè á ga, àfonífojì á jìn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pariwo nínú kíláàsì. Mo rò pé gbogbo ayé mi ni màá fi máa rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n gbé mi sí. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní yàrá fọ́tò. Àpótí pákó ló kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà, nínú wọn sì ni gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wà bí ẹyẹ ṣe ń rí i: òrùlé páànù, oko kòkó, odò, ọ̀nà ẹsẹ̀. Wọ́n ti yà wọ́n kí ogun abẹ́lé tó dé. Òórùn káńfọ̀ tí wọ́n fi ń lé kòkòrò kò kúrò níbẹ̀ rí.

Bàbá kan ló ń tọ́jú wọn, akọ̀wé tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ayépé ni, kì í pariwo, fìlà rẹ̀ kì í kúrò lórí. Bí o bá béèrè ibì kan lọ́wọ́ rẹ̀, á wo àjà díẹ̀, á lọ tààrà sídìí àpótí kan, á yọ fọ́tò kan jáde. Á gbé e sókè síbi fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ara rẹ̀ kọjá, á tún wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó fún ọ. Mo rò pé ihò kòkòrò ló ń wá.

Ní ọdún kejì tí àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú, ọ̀gá ológun kan wá pẹ̀lú ọkọ̀ jíìpù. Ó fẹ́ rí fọ́tò afárá kan àti àwọn ọ̀nà tó yí i ká. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, a ò sì bi í. Bàbá akọ̀wé ti lọ sìnkú lọ́sẹ̀ náà, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ bí àwọn àpótí yẹn ṣe rí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi wá fọ́tò náà. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá ológun náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá bí a ṣe ń làágùn.

"Ohun tí ọ̀tá lè fi mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa," ó ní, "òun lẹ tò jọ bí iṣu yìí?"

Kò ju oṣù kan lọ tí àṣẹ fi dé. Láti ọjọ́ náà, fọ́tò òfuurufú ti di ohun àṣírí ìjọba. A óò ya gbogbo wọn sórí fíìmù, ẹ̀rọ kan ni yóò sì máa wá wọn jáde. Tí a bá yà wọ́n tán, kí a sun àwọn ojúlówó kí ẹnikẹ́ni má baà jí wọn lò. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún wa.

Èmi ni wọ́n yàn, nítorí èmi ni mo lọ sí yunifásítì. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ní Èkó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. O óò tẹ nọ́ńbà fọ́tò, fíìmù á yí fìrìrì nínú rẹ̀, á dúró, fọ́tò tí o ń wá á sì yọ sójú dígí. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Láràárọ̀ ni a ń ṣe iṣẹ́ yíyà náà. Bàbá akọ̀wé á tẹ́ fọ́tò sórí pátákó, èmi á tẹ kámẹ́rà, á mú un kúrò, á tẹ́ òmíràn. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ó dojú fọ́tò kan délẹ̀ lórí pátákó, ó sì dúró.

"Bàbá, ẹ ti dojú ẹ̀ délẹ̀."

"Mo mọ̀, ọ̀gá. Ẹ̀yìn ẹ̀ ńkọ́? Ṣé a ò ní yà á ni?"

"Ẹ̀yìn fọ́tò kẹ̀? Kí ló wà níbẹ̀?"

"A kọ nǹkan síbẹ̀. Àwa la kọ ọ́ nígbà náà, nínú oko, tí mò ń tẹ̀ lé àwọn awọnlẹ̀ kiri."

Mo tẹjú mọ́ ọn. Ìlà mẹ́ta mẹ́rin ni, pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ti ṣá. Mo yí mẹ́wàá mìíràn wò, òfìfo ni ẹ̀yìn méje nínú wọn. Mo ṣírò fíìmù tó wà nínú páálí. Tí a bá ní ká ya iwájú àti ẹ̀yìn, kò ní tó. Mo lè kọ̀wé béèrè fún òmíràn, ṣùgbọ́n mo mọ bí ìwé ṣe ń rìn nílé-iṣẹ́ ìjọba, mo sì mọ iye ọjọ́ tó kù. Pé a lè ya ẹ̀yìn àwọn tí wọ́n kọ nǹkan sí nìkan, kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn títí di ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, níbi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n lọ́jọ́ kan. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́nu.

"Ojú fọ́tò ni wọ́n ní ká yà, Bàbá. Kò sí ààyè fún ẹ̀yìn."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ lọ sí yunifásítì. Ìwé mẹ́fà lèmi kà." Ó yí fọ́tò náà padà. Kò sọ ọ́ mọ́ títí a fi parí.

Ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ ni a ti sun wọ́n, lọ́sàn-án gangan. Fọ́tò kì í jó bí ìwé. Ó máa ń ká kò, á sì máa rùn bí irun tó ń jóná. Bàbá akọ̀wé fi igi gígùn ń ru iná náà, èmi sì fọwọ́ sí ìwé pé gbogbo wọn ti jóná tán. Oṣù yẹn náà ni wọ́n ní kí ó máa lọ sílé, nítorí kò sí ohun tó ń tọ́jú mọ́. Ọ̀gá ológun padà wá. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ fún un, ó tẹ nọ́ńbà afárá rẹ̀, ó rí i lójú ẹsẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n fún mi ní ìgbéga.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà kí ìyá kan tó wọlé tọ̀ mí wá láti abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ti wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn igi obì rẹ̀. Wọ́n ní inú igbó ìjọba ni oko náà wà, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ kó jáde níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Yàtọ̀ sí oko yìí, bàbá rẹ̀ ò fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún un.

"Ọmọ mi," ó ní, "àwọn awọnlẹ̀ wá sọ́dọ̀ bàbá mi nígbà tí mo ṣì ń fún àkọ́bí mi lọ́mú. Ojú bàbá mi ti fọ́. Èmi ni mo fà á lọ́wọ́ dé ìdí pèrègún létí odò, ó ní ibẹ̀ ni ààlà òun pẹ̀lú igbó ìjọba. Ọ̀kan nínú wọn fi abẹ́rẹ́ gún ojú ibẹ̀ lára fọ́tò tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ bàbá mi sí i. Ojú mi ló ṣe. Fọ́tò yẹn ni mo wá wò."

Mo wá nọ́ńbà abúlé rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Fíìmù yí fìrìrì, ó dúró. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ó yá tó bẹ́ẹ̀.

"Háà! Odò wa rèé!" Ó fi ìka tọ dígí náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ihò abẹ́rẹ́ yẹn dà?"

Mo sún mọ́ ọn. Àmì funfun kéékèèké pọ̀ lójú dígí. Èyí tó jẹ́ eruku àti èyí tó jẹ́ abẹ́rẹ́, mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí bàbá akọ̀wé máa ń wò síbi fèrèsé.

"Kò hàn níbí, Ìyá."

"Kò burú. Ẹ yí i padà, ká ka ẹ̀yìn ẹ̀."

Mo tún nọ́ńbà náà tẹ̀, fọ́tò kan náà ló yọ. Ó rò pé mi ò gbọ́.

"Ẹ yí i padà, ọ̀gá. Ẹ̀yìn ló kọ ọ́ sí."

"Kò lẹ́yìn mọ́, Ìyá."

"Kí ni kò lẹ́yìn? Ṣé ìwé kì í lẹ́yìn ni?"

"A ti sun ìwé yẹn. Ìmọ́lẹ̀ lẹ̀ ń wò yìí."

Ó wo dígí náà, ó tún wò mí. "Ta ló sun ún?"

"Ìjọba ni," mo ní.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sí Ayépé. Bàbá akọ̀wé wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Nílé-iṣẹ́, "ẹ" ló máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀ nítorí ipò mi. Ìyẹn ti tán.

"Ìwọ gírádúéètì! Ṣé ẹ̀rọ rẹ ti sùn ni o fi ń wá mi?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá náà fún un. Ó fi àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Mo rántí wọn. Ọmọ kan ń ké lẹ́yìn obìnrin náà, ká tó gbọ́ ohun tí bàbá yẹn ń sọ, ìjàngbọ̀n ni. Èmi gan-an ni mo gún abẹ́rẹ́ yẹn."

"Ẹ rántí ohun tí ẹ kọ, Bàbá?"

Ó fi ìka fa ìlà kan sílẹ̀ bí odò. "Pèrègún wà níhìn-ín odò, ó wà lọ́hùn-ún. Èwo ni bàbá yẹn sọ? Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, kí n má baà máa gbé e sórí kiri."

"Ẹ ṣáà sọ pé ti ọ̀hún ni. Ìyẹn ló máa fi oko wọn sínú ààlà."

"Kí n fi Àlùkùránì búra lórí ohun tí mi ò mọ̀? N ò ṣe é." Ó tún gbé àwo rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o máa sọ èyí tí ìwọ mọ̀?"

Ìgbìmọ̀ ti ránṣẹ́ pè mí wá jẹ́rìí, ọ̀gá mi nílé-iṣẹ́ sì ti gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní kí n sọ fún ìgbìmọ̀ pé a ò ní àkọsílẹ̀ kankan lórí ààlà náà. "Òótọ́ náà kúkú ni," ó ní. "Má fọwọ́ ara ẹ ba iṣẹ́ ẹ jẹ́." Òótọ́ ni lóòótọ́. Mo gbé e lọ́wọ́ wọ gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìyá náà jókòó níwájú pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Nígbà tí wọ́n pè mí, mi ò ka ìwé náà. Mo sọ pé wọ́n kọ nǹkan sẹ́yìn fọ́tò náà, pé wọ́n fi hàn mí, mo fi í sílẹ̀, mo sì sun ún. Mo ní kì í ṣe ìjọba, èmi ni.

Alága bi mí pé, "Kí ló dé tí ẹ ò fi ya ẹ̀yìn?"

"Fíìmù ò tó, sà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bàbá akọ̀wé dìde lẹ́yìn mi. Ó búra pé òun gún abẹ́rẹ́, òun sì kọ ọ̀rọ̀ bàbá afọ́jú náà sílẹ̀. Wọ́n bi í pé ìhín odò ni tàbí ọ̀hún. Ó wo ìyá náà, ó wo ilẹ̀, ó ní òun ò lè sọ.

Ìdajì ìdáláre ni wọ́n fún ìyá náà. Ìgbìmọ̀ ní àwọn gbà pé ẹnì kan ti kọ ààlà kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ibi tó wà han àwọn. Nítorí náà kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa ká èso igi tó ti wà nílẹ̀ títí tí igi náà yóò fi kú. Wọn kò gbọdọ̀ gbin ẹyọ kan kún un. Bí igi bá tán, oko tán, igbó ìjọba ni.

Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, wọ́n gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ síbi tí wọ́n ti ń lẹ ìwé mọ́ fáìlì. Ibẹ̀ ni ìgbéga mi dúró sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyẹn ò dùn mí tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò.

Nígbà tí ọdún mélòó kan kọjá, mo bá ẹnì kan lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, mo sì yà sí abúlé náà. Mo bá ìyá náà lábẹ́ igi obì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fa nǹkan tu.

"Ọ̀gá fọ́tò!" Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìnira. "Ẹ káàbọ̀. Àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó, èmi nìkan ló kù."

"Kí lẹ̀ ń ṣe, Ìyá?"

"Obì tó bá já bọ́ tí a ò rí ṣà, òun ló ń hù yìí. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá bá a nílẹ̀, wọ́n á ní mo gbìn ín. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé igi ló gbin ara ẹ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n á gbọ́."

Mo bọ́ bàtà mi, mo ká ṣòkòtò sókè. Òjò ti rọ̀ lánàá, ilẹ̀ rọ̀. Àwọn ọmọ obì tó ń hù náà ń tu wọ́ọ́rọ́wọ́, obì tó là sí méjì ṣì wà nídìí gbòǹgbò wọn, ewé wọn mẹ́ta mẹ́rin ń dán. Ó mú apá kan, èmi mú apá kejì, a ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ìbàdí mi ò gbé mi mọ́. A kó gbogbo rẹ̀ jọ sẹ́bàá ọ̀nà, a to gbòǹgbò wọn síta, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó lè rí i pé a ti fà wọ́n tu.